Práímà lítà mélòó ni kí n rà fún ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ní ọkọ̀ àtijọ́ kan, onílẹ̀kùn mẹ́rin, tí mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kùn. N ò kun ọkọ̀ rí. Géètì àti àga irin ni mo mọ̀ ọ́n kùn. Iṣẹ́ páńẹ́lì ti parí, sánpépà ti jẹ mí lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ, ìdí práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí à ń fọ́n kí àwọ̀ tó kàn, gan-an ni mo wá dúró sí. Ẹnì kan ní lítà 2 ti pọ̀ jù. Ẹlòmíì ní bí n ò bá ra lítà 8, àárín iṣẹ́ ló máa tán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wo fídíò mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìṣirò kan wà tí ẹ ń ṣe ni, àbí ẹ kàn ń fojú díwọ̀n ọkọ̀ ni?

Ọ̀gá Pẹ́ńtà:
Àbúrò, n ò ní dárúkọ lítà kankan fún ẹ báyìí. Dá mi lóhùn ná. Ṣé gbogbo ọ̀dà àtijọ́ lo bó kúrò títí kan irin, àbí apá kan? Irú práímà wo lo fẹ́ lò? Ìbọn ọ̀dà wo lo fẹ́ fi fọ́n ọn? Ṣé ojú ìta nìkan lo fẹ́ kùn, àbí etí ilẹ̀kùn, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti inú búùtù wà níbẹ̀? Ẹni tó bá dá lítà lé ẹ lọ́wọ́ láìbéèrè nǹkan wọ̀nyí, ifá ló ń dá fún ẹ.

Bàbá Alùpùpù:
Ra lítà 8 jàre. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, fi kun àga irin.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Bàbá Alùpùpù, àga mi ti dán o, ẹ má da tèmi rú.

Ọ̀gá, ẹ ṣé. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé ni mo bó dé irin, torí oòrùn ti jẹ kílíà wọn, ọ̀dà dídán tó wà lókè àwọ̀, débi pé ó ń ṣí bí èèpo. Ìyókù, ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe é ló ṣì wà lára wọn, ó sì di irin mú gírígírí. Àfi ojú mẹ́ta tí mo fi bọ́dífílà, lẹ́ẹ̀ tí à ń fi dí kòtò, dí: ilẹ̀kùn méjì, àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Ojú ìta nìkan ni mo fẹ́ kùn, àwọ̀ rẹ̀ ò sì ní yí padà. Ìbọn HVLP ni mo ní (èyí tó ń fọ́n ọ̀dà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ púpọ̀ tí kò le jù), ihò imú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.7. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi epoxy, práímà tó ń di irin mú tí kì í jẹ́ kó pẹtà, sórí irin, kí n wá fi práímà 2K tó máa ń nípọn (2K ni èyí tí a ń po hádínà, ohun tó ń mú un le, mọ́) tẹ̀ lé e.

Mo ti fi okùn ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́ mítà 1.3 sí 1.4. Òrùlé, 1.2 sí 1.5. Búùtù pẹ̀lú ojú ẹ̀yìn rẹ̀, 1.3 sí 0.9. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, 1.0 sí 0.7. Fẹ́ńdà iwájú, mo fojú bù ú sí ìdajì mítà onígun mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn sì jẹ́ 0.8 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́ńpà méjèèjì jẹ́ ike, n ò kà wọ́n mọ́ ọn.

Olùṣirò:
Ẹni tó bá wọn ọkọ̀ rẹ̀ kó tó béèrè, ó yẹ ká dá a lóhùn dáadáa. Mítà onígun mẹ́rin ni mo máa kọ ní m², kí ọwọ́ má bàa ro mí. Mo ro tìrẹ pọ̀: 1.82 fún bọ́nẹ́ẹ̀tì, 1.8 fún òrùlé, 1.17 fún búùtù, 2.8 fún ilẹ̀kùn mẹ́rin, 1.0 fún fẹ́ńdà, 1.6 fún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ m² 10.2, ká yọ ike kúrò.

Ó wá ku bí práímà ṣe ń tán. Fọkàn bá mi lọ díẹ̀. Bí o bá da lítà 1 ohunkóhun sórí m² 1 tí o sì tẹ́ ẹ dọ́gba, yóò nípọn tó mìlímítà 1 gẹ́lẹ́, ìyẹn máíkírọ́ọ̀nù 1,000. Omi ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí mo ń kọ́ ọmọ mi. Ó yé e, yóò yé ìwọ náà. Ṣùgbọ́n práímà kì í dúró bí a ṣe fọ́n ọn. Apá kan rẹ̀ máa fò lọ nígbà tó bá ń gbẹ. Ìwé àlàyé tí ilé-iṣẹ́ kọ nípa práímà náà máa ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló máa dúró lára irin. Ká ní ìdá 45 ni, lẹ́yìn tí a ti po hádínà àti tínà mọ́ ọn. Nínú 1,000 yẹn, 450 ló kù. Bí o bá fẹ́ kí práímà rẹ nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 100 lẹ́yìn ọwọ́ mẹ́ta (ìyẹn ni pé o fọ́n ọn yíká lẹ́ẹ̀mẹta), fi 100 pín 450, wàá rí m² 4.5 fún lítà kọ̀ọ̀kan.

Má tíì yọ̀. Ìbọn ò ní jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dé ara ọkọ̀. Ohun tí a ń fọ́n, ilẹ̀ ń mu níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń mu níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ náà ń mu níbẹ̀. HVLP tó dára, tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ tó yẹ ọ́n lò, ìdá 65 ló yẹ kó gbé dé ara irin. Ìwọ tí ọwọ́ rẹ ṣì tutù, jẹ́ ká pè é ní 60. 4.5 ọ̀nà 0.6 jẹ́ 2.7. Nítorí náà, lítà 1 àdàpọ̀ máa bo m² 2.7 fún ẹ, kì í ṣe 4.5. Iye m² tí wọ́n kọ sára agolo, iye tí kò sí òfò nínú rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń rà á kéré jù ti máa ń kọsẹ̀.

M² 10.2, fi 2.7 pín in, lítà 3.8 àdàpọ̀ nìyẹn fún gbogbo ara ọkọ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Háà! Ó yé mi. Ṣé kí n lọ ra agolo lítà 4 nìyẹn?

Olùṣirò:
Rárá o. Àdàpọ̀ ni mo wí, n ò sọ agolo. Wo ara agolo rẹ. Bí wọ́n bá ní 4 sí 1, pẹ̀lú ìdajì ìwọ̀n tínà, ìyẹn ni pé ìwọ̀n 4 práímà, ìwọ̀n 1 hádínà àti ìdajì ìwọ̀n tínà máa di ìwọ̀n 5.5 nínú ife. Lítà 3.8, fi 5.5 pín in, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po 4: práímà fúnra rẹ̀ kò ju bí i lítà 2.8 lọ, hádínà tó bí i mìlílítà 690, tínà tó bí i 350. Epoxy yàtọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ 1 sí 1, nítorí náà ìdajì ohun tí o bá fọ́n ló jẹ́ hádínà.

Ọ̀gá Pẹ́ńtà:
Olùṣirò, o káre. Ìṣirò rẹ dúró. Ibi tí a máa jọ fà díẹ̀ ni m² 10.2 yẹn. Ta ló ní kó fi práímà bo ọ̀dà tí kò ṣe nǹkan kan?

Àbúrò, gbọ́ o. Ọ̀dà ilé-iṣẹ́ tó ṣì di irin mú, tí kò là, tí kò wú, tí ìpẹtà kò sí lábẹ́ rẹ̀, kò sí práímà tí wàá fi síbẹ̀ tó máa dára jù ú lọ. Fi sánpépà 600 tàbí 800 (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe kúnná tó) pa dídán rẹ̀, nù ún mọ́, àwọ̀ ló kàn. Fúnra ọ̀dà yẹn ni práímà rẹ. Ìnípọn tí wàá tún dì lé e lórí láìnídìí, òun ló máa ń là lọ́jọ́ iwájú.

Nítorí náà, ohun tó nílò práímà ni bọ́nẹ́ẹ̀tì, òrùlé, àti ojú mẹ́ta tí o fi bọ́dífílà dí. Ojú bọ́dífílà kì í dúró sí ibi tó wà nìkan, práímà máa ń yọ kọjá etí rẹ̀ níbi gbogbo, nítorí náà pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní m² 1. 3.6 àti 1, ó jẹ́ 4.6. Ìyẹn ò tó ìdajì ohun tí ẹ ti ń ṣírò bọ̀.

Olùṣirò:
Mo gbà bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá. 4.6, fi 2.7 pín in, lítà 1.7 àdàpọ̀. Práímà inú rẹ̀ kò ju lítà 1.25 lọ. Ti epoxy lórí irin tó wà níhòòhò: m² 3.6 ni. Ká ní ìdá 40 ló ń dúró, tí a sì fẹ́ kó nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 50: 400, fi 50 pín in, 8, ọ̀nà 0.6, 4.8. Nǹkan bí mìlílítà 750 àdàpọ̀. Agolo lítà 1 pẹ̀lú hádínà rẹ̀ máa tó, á sì ṣẹ́ kù.

Ìdárò Bọ́dífílà:
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Lítà 1.25 yẹn máa tó tí kò bá ní fá a ni! Ẹ ti gbàgbé sánpépà. Práímà tó ń nípọn, torí ká lè fá a ni a ṣe ń fọ́n ọn. Nígbà tí o bá fi pákó ìfá lé e lórí, ìdajì rẹ̀ lè di lẹ́búlẹ́bú nílẹ̀, níbi tí kòtò bá sì pọ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, wàá rí ibi tí o ti fá a dé irin, ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti níbi tí páńẹ́lì ti ṣẹ́po pàápàá. Wàá tún fọ́n ọn. Èmi kì í ra práímà ìfọ́n kan ṣoṣo, ìgbà méjì ni mo máa ń kà á sí.

Mo lóye ẹ̀ lọ́nà tó dùn mí. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kùn, mo fi sánpépà 80 parí bọ́dífílà, mo ní práímà á dí ojú ilà tó kù. Práímà ń mu, ilà ń yọ. Mo fọ́n ọn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó dán bí dígí lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀. Láàárín oṣù méjì, gbogbo ilà sánpépà tún yọ sókè lábẹ́ àwọ̀, bí ilà ojú àgbàlagbà. Práímà tó nípọn jù, tí a kò jẹ́ kó gbẹ délẹ̀, máa ń rọlẹ̀ tó bá yá. Ká ní mo fi 180 parí bọ́dífílà náà ni, n ò bá má lò ju ọwọ́ mẹ́ta lọ. Ẹ fi sánpépà ṣe ọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi práímà ṣe é, owó yín máa dúró.

Ọ̀gá Pẹ́ńtà:
Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Ibi tí ojú lè rí kòtò, bọ́dífílà ló ni ín, kì í ṣe práímà.

Ọwọ́ Yíyá:
Èmi ò ní kí n má sọ tèmi. Bí práímà bá fẹ́ tán, mo máa ń fi tínà lé e. Ó máa ń lọ jìnnà, ó sì máa ń fọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kí ló dé tí ẹ ń ra lítà rẹpẹtẹ?

Ọ̀gá Pẹ́ńtà:
Ọwọ́ Yíyá, orúkọ rẹ bá ọ mu. Tínà kì í ṣe ọ̀dà, ṣé o gbọ́? Kò sí ohun tó ń dúró nínú rẹ̀. O bu tínà sí i, ó pọ̀ lójú rẹ nínú ife. Ó gbẹ, tínà ti fò lọ, iye práímà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló kù, ó kàn tẹ́ lé ibi tó gbòòrò ni. Ohun tí ọwọ́ mẹ́ta ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọwọ́ márùn-ún ló máa ṣe é báyìí, o sì tún ti tì tínà mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bí ìbọn rẹ bá ń fẹ́ tínà púpọ̀ kó tó fọ́n, imú ìbọn lo máa pààrọ̀. Imú 1.3 tí a fi ń fọ́n àwọ̀ kò lè gbé práímà tó nípọn. 1.6 sí 2.0 ló bá a mu. Ti àbúrò yìí dára, 1.7.

Olùṣirò:
Ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà tì í lẹ́yìn. Bí tínà bá sọ ìdá 45 di 35, m² 2.7 yẹn di 2.1 ní lítà kan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi omi lé wàrà.

Abẹ́ Igi Garéèjì:
Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ń lo ìbọn àtijọ́, èyí tí ife rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ fuu bí ìjì, kó má fi 60 ṣírò. Ìdá 30 ni kó kà. Ìyẹn ni pé lítà 1.7 yẹn máa di 3.4 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọkọ̀ kan náà, práímà kan náà. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí fídíò mẹ́ta fi sọ nǹkan mẹ́ta, àbúrò.

Abilékọ Onífáìbà:
Tí ara ọkọ̀ bá jẹ́ fáìbà, bí tèmi, ẹ gbàgbé gbogbo nọ́ńbà tó wà lókè. Ibi tí a bá ti fá ojú rẹ̀ dé òwú inú, ó máa ń mu práímà bí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn ihò tíntìntín ń bẹ níbẹ̀ tí práímà kàn máa ń bò lójú, kò ní dí wọn. Ó bá gbẹ, wọ́n tún ṣí. Bọ́dífílà tó kúnná ni kí ẹ fi nù ún káàkiri kí ẹ tó fọ́n nǹkan kan. Èmi lo ìlọ́po méjì ohun tí mo ṣírò.

Oníbọ́ọ̀sì:
Bọ́ọ̀sì náà nìyẹn o. Ẹ̀gbẹ́ tó ní kòtò àti gegele bí páànù, ẹ má fi okùn nà án tààrà. Ẹ jẹ́ kí okùn wọ inú kòtò kó sì jáde. Ẹ máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ yẹn gùn ju bí ojú ṣe rí i lọ. Tí ẹ bá sì ń kun inú ilẹ̀kùn, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ tún wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀, wọn kì í ṣe ohun kékeré.

Bàbá Alùpùpù:
Ọ̀rọ̀ gidi ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju tànkì àti fẹ́ńdà lọ, tó ń lo agolo tí a ń tẹ lórí, 400 mìlílítà tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe práímà ni gbogbo rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń tì í jáde àti tínà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Má fi ṣírò bí ti ìbọn. Àwọn 2K tí a ń tẹ nǹkan ní ìdí wọn kí hádínà lè dà pọ̀ mọ́ wọn, tí o bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Má tẹ èkejì títí tí àkọ́kọ́ fi máa tán.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Orí mi ti ń wú. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kí n ra lítà 2 tàbí 3? Bí ó bá sì tán lágbede méjì, ṣé èyí tí mo máa lọ rà lẹ́yìn máa bá ti àkọ́kọ́ mu?

Ọ̀gá Pẹ́ńtà:
Ìbéèrè kejì yẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí o ti béèrè. Àwọ̀ ni èèyàn gbọ́dọ̀ rà tó lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé bí wọ́n bá tún pò ó, ó lè yàtọ̀ díẹ̀, ojú á sì rí i nínú oòrùn. Práímà kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ló máa bò ó. Bí ó bá ti jẹ́ irú kan náà láti ilé-iṣẹ́ kan náà, pẹ̀lú hádínà tirẹ̀, ra díẹ̀ lónìí, ra díẹ̀ lọ́tùn-únla. Nítorí náà kí ló ń lé ẹ tí o fi fẹ́ kó lítà 8 jọ? Ra lítà 2 ní agolo méjì, lítà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú hádínà mìlílítà 250 tirẹ̀. Agolo kékeré sàn ju ńlá kan lọ fún irú iṣẹ́ rẹ, torí ó ní ọ̀tá kan.

Ọ̀tá náà ni hádínà. Bí o bá ti ṣí i, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Práímà inú agolo tí a dé dáadáa lè dúró pẹ́. Hádínà tó ti ṣí kì í dúró bẹ́ẹ̀.

Má sì po ju ohun tí o máa fọ́n láàárín àkókò tí wọ́n kọ sára agolo lọ. Ọ̀pọ̀ práímà 2K kì í ju wákàtí kan lọ nínú ife kó tó máa dì, nínú ooru kì í tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó po lítà kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lọ gba fóònù, ó padà wá bá òkúta nínú ife. Ìyẹn náà wà nínú ìṣirò o, práímà tó di òkúta kò kun ọkọ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú lítà: kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú hádínà 2K. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè fún èèyàn ní ikọ́ fée (asthma) tí kò ní lọ mọ́. Ìbòmú aláṣọ kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Èyí tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń gba inú rọ́bà wọ̀ ló tọ́. Má fọ́n ọn níbi tí àwọn ọmọdé wà.

Olùṣirò:
Mo fẹ́ fi ọ̀nà kan kún un tí kò nílò ìṣirò mi rárá. Nígbà tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn práímà tí o dà sínú ife ìbọn. Kun bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan, ọwọ́ kan ṣoṣo. Da èyí tó ṣẹ́ kù padà sínú ife tó ní àmì, yọ ọ́ kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ ń jẹ nìyẹn, ọwọ́ tìrẹ, ìbọn tìrẹ, nínú atẹ́gùn ibi tí o wà. Lójú ìṣirò mi, ó yẹ kó jẹ́ bí i mìlílítà 225 fún bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, gba ti ife gbọ́, kì í ṣe tèmi.

Ìdárò Bọ́dífílà:
Kí o sì rántí pé gbogbo ìgbà tí o bá da nǹkan sínú ife ìbọn, bí i mìlílítà 30 sí 50 ló máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ àti mọ́ asẹ́. Ìfọ́n kékeré mẹ́wàá máa ń jẹ nǹkan ju ìfọ́n ńlá mẹ́ta lọ.

Aláwọ̀ Funfun:
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀dà mi dára, kò là, ṣùgbọ́n láti dúdú ni mo ti fẹ́ lọ sí funfun. Ṣé èmi náà ò nílò práímà?

Ọ̀gá Pẹ́ńtà:
Ìwọ nílò ìbòjú kan, ọwọ́ kan péré tó fẹ́lẹ́ lára gbogbo ọkọ̀, tí a kò ní fá, kí àwọ̀ funfun rẹ má bàa máa jẹ lítà lórí lítà kó tó bo dúdú. Lo èyí tó funfun tàbí eérú fífẹ́rẹ̀. Fún ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin, ohun tó ju lítà 1.2 àdàpọ̀ lọ díẹ̀ ló yẹ kó tó, bí o bá fẹ́lẹ́ ẹ tó bó ṣe yẹ. Ó ń gba práímà, ó sì ń dín àwọ̀ tí wàá rà kù. Àwọ̀ ló wọ́n jù nínú méjèèjì.

Abẹ́ Igi Garéèjì:
Àti bọ́ńpà o, a ti gbàgbé wọn. Ike ò fẹ́ràn práímà irin. Bí ike bá ti hàn, ó ní oògùn tirẹ̀ tí a fi ń jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, agolo kékeré kan máa ń tó méjèèjì. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ṣì wà lára bọ́ńpà, fá a, kí o sì kùn ún lọ.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Mo dé, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ṣe é. Ẹ jẹ́ n ròyìn, torí ó dùn mí pé gbogbo ìbéèrè irú èyí tí mo kà lókè yìí kò sí ẹni tó padà wá sọ bó ṣe parí.

Mo ra epoxy lítà 1 pẹ̀lú hádínà rẹ̀, mo lo bí i mìlílítà 900 àdàpọ̀. Ìṣirò ní 750, ọwọ́ mi ló jẹ ìyókù. Mo ra práímà 2K lítà 2. Mo gbìyànjú ti ife tí Olùṣirò sọ. Ọwọ́ àkọ́kọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ mìlílítà 290. Mo kàn fi ojú inú wo Bàbá Alùpùpù tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá, ìbọn mi ti jìnnà jù sí páńẹ́lì ni, mo sì ń tẹ ìfọ́n kọjá etí bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an. Ní ọwọ́ mẹ́ta, bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ 870. Òrùlé dára díẹ̀, 260 lọ́wọ́ kan, 780 lápapọ̀. Ojú mẹ́ta yòókù jẹ 430. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,080.

Mo wá fi pákó fá a, sánpépà 400, lẹ́yìn tí mo fọ́n àwọ̀ dúdú díẹ̀díẹ̀ sórí rẹ̀ kí n lè máa rí ibi tó ṣì kòtò. Mo fá a dé irin níbi mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ etí. Mo fi epoxy díẹ̀ tó kù lù wọ́n, mo sì tún fọ́n ọwọ́ kan sí gbogbo rẹ̀. 700 nìyẹn. Àpapọ̀ 2,780, ká tó ka ti ara ife àti asẹ́. Lítà 2 práímà, bí ẹ bá pò ó 4 sí 1 pẹ̀lú tínà, mìlílítà 2,750 ló máa jẹ́. Nítorí náà mo ṣí agolo kẹta, nítorí nǹkan tí kò pọ̀ ju igba mìlílítà lọ. Ó dùn mí o.

Olùṣirò:
Ìdárò Bọ́dífílà ló jàre, kì í ṣe èmi. Ọwọ́ mẹ́ta ni mo kà, kò sí sánpépà nínú ìṣirò mi. Mo máa fi ìdajì kún un láti òní lọ.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Èyí tó ṣẹ́ kù ńkọ́, bí i lítà 0.8? Hádínà rẹ̀ ti ṣí.

Ọ̀gá Pẹ́ńtà:
Nu ẹnu hádínà mọ́ tónítóní, dé e pinpin, kọ ọjọ́ sí i lára. Práímà, dé òun náà. Nígbà tí o bá tún nílò rẹ̀, po díẹ̀ kí o fọ́n ọn sórí pátákó irin kan. Bí hádínà bá ti ṣú tàbí tó ti ní wóró, jù ú nù, kí o ra hádínà nìkan. Práímà tó kù yẹn á ṣì dára. Báwo ni kílíà ṣe ń lọ?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ń wọn ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bàbá Alùpùpù:
Lítà 0.8. Àga mẹ́rin péré ni.